Òkè Édómù àti Ọjọ́ Ọmọ Ìyá: Ìtumọ̀ Ìgbéraga nínú Àsọtẹ́lẹ̀ Ọbadáyà

Ìfáárà

Nínú gbogbo ìwé Májẹ̀mú Láéláé, Ìwé Ọbadáyà ni ó kúrú jù. Orí kan ni ó ní, ẹsẹ 21 péré. Síbẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn oníwàásù ń nà kọjá ààlà rẹ̀ bí èyí kò pọ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá lágbára tó sì ń fọ́nnu, òun ni wọ́n ń pè ní Édómù. Bí ó bá ṣubú, wọn a ní Ọbadáyà ti rí i tẹ́lẹ̀. Irú ìlò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn rábì Júù ti fi orúkọ Édómù pe Róòmù látijọ́; nígbà tí ilẹ̀ ọba Róòmù sì gba ẹ̀sìn Krístì, orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìgbéraga tí Ọbadáyà dá lẹ́bi kì í ṣe ìfọ́nnu lásán. Ìgbéraga ẹni tó dúró sí ibi gíga, tó ń wo ìparun ọmọ ìyá rẹ̀ níran, ni. Bí a bá ya ọ̀rọ̀ ìgbéraga náà kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹbí, àsọtẹ́lẹ̀ yìí yóò di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀tá. Èdè Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ bá yàn fún ìgbéraga, fún arákùnrin àti fún kékeré ni yóò pinnu irú Édómù tí òǹkàwé Yorùbá yóò rí.

Ilẹ̀ gíga, ilẹ̀ pupa

Édómù wà ní apá gúúsù àti ìlà-oòrùn Òkun Iyọ̀, ní ibi tí orílẹ̀-èdè Jọ́dánì wà lónìí. Ilẹ̀ olókè ni; àwọn ibòmíràn níbẹ̀ ga ju 1,500 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ àfonífojì Árábà tó wà nísàlẹ̀ wọn rẹlẹ̀ gan-an. Òkúta ibẹ̀ pupa, orúkọ ilẹ̀ náà sì jọ ọ̀rọ̀ Hébérù fún àwọ̀ pupa. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì fi eré ọ̀rọ̀ yìí kan náà so Édómù mọ́ ọbẹ̀ pupa tí Ésáù torí rẹ̀ ta ipò àkọ́bí rẹ̀.

Bósírà, olú ìlú wọn, wà lórí òkè tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí ká. Buseirah ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí. Lórí Umm al-Biyara, àpáta gàgàrà tó yọrí lókè ìlú Petra, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwókù ilé àwọn ará Édómù. Ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti irú ibẹ̀ ní láti gba ojú ọ̀nà tóóró gun òkè, lójú ẹni tó wà lókè. Nítorí náà, nígbà tí wòlíì sọ nínú ẹsẹ 3 pé Édómù ń gbé inú pàlàpálá àpáta, kì í ṣe àfiwé lásán ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó lò fún àpáta, *sela*, tún jẹ́ orúkọ ìlú olódi kan ní ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ yìí kò tòṣì. Bàbà wà ní Faynan, wọ́n sì ti ń wà á láti ayébáyé. Ọ̀nà tí Ìwé Nọ́ḿbà pè ní ọ̀nà ọba gba ibẹ̀ kọjá, tùràrí láti ilẹ̀ Arébíà sì ń gba ìhà ibẹ̀ lọ sí etí òkun. Àwọn ará Témánì lókìkí fún ọgbọ́n. Ará ibẹ̀ ni Élífásì, ọ̀rẹ́ Jóòbù. Òkè, ọrọ̀, ọgbọ́n àti àwọn tí wọ́n bá mulẹ̀: ohun mẹ́rin yìí ni Édómù gbójú lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni wòlíì mú, láti ẹsẹ 3 títí dé ẹsẹ 9, tó sì sọ bí yóò ṣe já a kulẹ̀.

Ní ti ìgbà tí a kọ ìwé náà, àwọn kan gbé e sí ayé ọba Jèhórámù, nígbà tí Édómù ṣọ̀tẹ̀ sí Júdà. Èrò àwọn tó pọ̀ jù, tí àwa náà fara mọ́, ni pé ìparun Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Bábílónì ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Krístì ni ẹsẹ 11 sí 14 ń tọ́ka sí. Ẹ̀rí kan láti ìta Bíbélì fi hàn pé ìbẹ̀rù Édómù wà ní Júdà ní ìparí ìjọba náà: àpáàdì kan tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, tí wọ́n wú jáde ní ilé-ìṣọ́ Árádì, pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọmọ ogun lọ sí Ramati-Nẹ́gẹ́bù kí Édómù má baà dé ibẹ̀.

Ohun tó hó kọjá ìkòkò

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ẹsẹ 3 lò fún ìgbéraga ni *zadon*. Gbòǹgbò rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú híhó, bí omi ṣe ń hó lórí iná títí tí yóò fi kún kọjá ẹnu ìkòkò. Nínú òfin Mósè, irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ẹni tó kọ̀ láti gbọ́ ti àlùfáà, tàbí wòlíì tó sọ ohun tí Ọlọ́run kò rán an. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ga. Ó kọjá àyè rẹ̀ ni. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé gbòǹgbò kan náà ni Jẹ́nẹ́sísì 25 lò nígbà tó sọ pé Jákọ́bù ń se ọbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ésáù ti oko dé. Ìkòkò tó hó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni ó pín àwọn ọmọ méjèèjì níyà. Nínú Ọbadáyà, ọkàn Ésáù ló wá ń hó. Bí wòlíì ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ta wá létí ni o, tàbí èdè fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, etí tó bá mọ ìtàn náà yóò gbọ́ ọ.

Ìgbéraga tí a ń lò ní Yorùbá kò ti ara híhó wá. Láti inú *gbé ara ga* ni ó ti wá, àwòrán gíga sì ni ó gbé kalẹ̀. Ní ti *zadon* fúnra rẹ̀, àfojúdi ni ó súnmọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ìgbéraga ṣi ọ̀nà, nítorí pé ní ẹsẹ 4 gan-an wòlíì yí padà sí ọ̀rọ̀ mìíràn, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ gíga: bí Édómù tilẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹyẹ idì, tó sì tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sáàrin ìràwọ̀, Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ìbéèrè Édómù nínú ẹsẹ 3, ta ni yóò sọ òun kalẹ̀, àti ìdáhùn Ọlọ́run nínú ẹsẹ 4, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n lò. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹsẹ kan ní àfojúdi, èkejì ní ìgbéraga, olùtúmọ̀ tó bá sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì ti pàdánù ìgbésẹ̀ tó wà láàrin wọn: ọkàn tó hó kọjá àyè rẹ̀ ni ó wá ń wá ibi gíga gbé.

(Ẹyẹ tí Hébérù dárúkọ níbí, *nesher*, lè jẹ́ igún bí ó ti lè jẹ́ idì. Ó dára bí wọ́n ṣe yan idì ní Yorùbá. Bí a bá fi igún sí i, ọkàn òǹkàwé yóò kọ́kọ́ lọ síbi ẹbọ kí ó tó lọ síbi gíga.)

Kékeré, àbúrò, Táíwò

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run bá Édómù sọ, ní ẹsẹ 2, ni pé òun ti sọ ọ́ di *qaton* láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hébérù tún ń fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà pe ẹni tó jẹ́ àbúrò. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 27, òun ni wọ́n fi pe Jákọ́bù níwájú Rèbékà, nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ńlá pe Ésáù. Ohun tí etí Hébérù lè gbọ́ nínú ẹsẹ 2, nígbà náà, ni pé Ésáù, ọmọ ńlá, ti di àbúrò. Èdè Yorùbá ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá sọ pé kékeré, agbára orílẹ̀-èdè ni ó dínkù. Bí ó bá sọ pé àbúrò, ipò nínú ẹbí ni ó yí padà. A kò rò pé ó yẹ kí a fi àbúrò sínú ẹsẹ náà, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè ni a fi wé Édómù níbẹ̀; àmọ́ ẹni tó ń kọ́ni ní ìwé yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtumọ̀ kejì sọnù.

Ibí yìí gan-an ni àṣà Yorùbá ti lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ìbejì ni Ésáù àti Jákọ́bù. Ésáù ló kọ́kọ́ jáde, Jákọ́bù di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì tẹ̀lé e. Lójú Yorùbá, Táíwò ni Ésáù, ẹni tí a rán síwájú kó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ni Jákọ́bù, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ohun tó jẹ́ ìyanu nínú Jẹ́nẹ́sísì, pé ẹni tó jáde gbẹ̀yìn ni yóò ṣolórí, kò ya Yorùbá tó mọ àṣà ìbejì lẹ́nu rárá. Òǹkàwé bẹ́ẹ̀ lè wá ka ẹ̀ṣẹ̀ Édómù sí àìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan tí Ọbadáyà ti bínú pé Édómù kò forí balẹ̀ fún Ísírẹ́lì. Ní ti Hébérù, ẹ̀gbọ́n ni Ésáù, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n sì ń pa lọ́jọ́ náà. Ojúṣe ẹ̀gbọ́n ni ó kọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, *arákùnrin*, ní ìṣòro tirẹ̀. Hébérù kò fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, arákùnrin náà kò sì fi í hàn, nítorí náà wọ́n bára mu ní ti gírámà. Àmọ́ lílò ti mú kí arákùnrin rọ̀. Lónìí ẹni tí a jọ ń jọ́sìn, tí a kò mọ ilé rẹ̀, arákùnrin ni. A tilẹ̀ ń fi ṣáájú orúkọ bí oyè. Kò tún ní oró tó yẹ kó ní nínú ẹsẹ 10 àti 12. Yorùbá ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan: baba nìkan ló so ọbàkan pọ̀, a sì mọ bí ìdíje ṣe ń wọ àárín wọn, ti ọmọ ìyá yàtọ̀. Inú kan ni Ésáù àti Jákọ́bù ti jáde, lọ́jọ́ kan náà. Bí àwọn tó ń tún Bíbélì Yorùbá túmọ̀ bá fi *ọmọ ìyá rẹ* sínú ẹsẹ wọ̀nyí, ẹ̀sùn náà yóò dún bí ó ti yẹ kó dún.

Láti ìwòran dé oríta

Ẹsẹ 11 sí 14 ni ọkàn ìwé yìí. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wòlíì kà sí Édómù lọ́rùn níbẹ̀ ni pé ó dúró. Ó dúró ní ìkọjá, lọ́jọ́ tí àjèjì ń kó ọrọ̀ Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì ń ṣẹ́ kèké lé ìlú náà. Wòlíì kò tíì sọ pé ó fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti kà á mọ́ àwọn ọ̀tá: Édómù náà dà bí ọ̀kan nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn gbólóhùn *má ṣe* mẹ́jọ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe tò. Má ṣe wò. Má ṣe yọ̀. Má ṣe la ẹnu gbàgà. Má ṣe wọ ẹnubodè. Ó tún padà sórí wíwò lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí láti inú ìlú. Má ṣe na ọwọ́ sí ẹrù wọn. Má ṣe dúró ní oríta láti gé àwọn tó ń sá kúrò. Má ṣe fi àwọn tó ṣẹ́ kù lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ojú ló bẹ̀rẹ̀, ó dé ẹnu, ó dé ẹsẹ̀, ó dé ọwọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe *dúró* tó ṣí ẹsẹ 11 ló tún yọjú ní oríta nínú ẹsẹ 14: ẹni tó kọ́kọ́ dúró bí òǹwòran ti wá dúró bí adènà. Wòlíì kò ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe bí èkejì. Bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ náà ti ṣàlàyé.

Nínú ẹsẹ mẹ́rin yìí, ọ̀rọ̀ náà *ọjọ́* jẹ yọ ní ìgbà mẹ́wàá, bí ẹni ń lu agogo. Lára wọn ni ọjọ́ àgbákò wọn, tí ìró rẹ̀ ní Hébérù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ Édómù gan-an. Èyí tó dùn wá jù ni ọjọ́ ọmọ ìyá rẹ, tí ẹsẹ 12 tún pè ní ọ̀rọ̀ kan tó bá àjèjì tan. Ẹsẹ 11 ti sọ pé àjèjì ló wọ ẹnubodè. Ní ẹsẹ 12, ẹni tí wọ́n kógun bá gan-an ti dà bí àjèjì lójú ẹni tó ń wò ó. Ohun tí ìwòran ń ṣe fún ẹbí nìyẹn.

Ìṣòro ìtúmọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí a mẹ́nu bà. Nígbà tí wòlíì ń sọ̀rọ̀, ìlú ti bàjẹ́ tán. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ìtúmọ̀ yí *má ṣe* padà sí ìbáwí fún ohun tó ti kọjá, irú èyí tó ń sọ pé kò yẹ kí Édómù ti ṣe é. Hébérù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi *má ṣe* sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, bí ẹni pé ọjọ́ náà kò tíì tán, tí ẹni tó ń wòran ṣì lè sọ̀ kalẹ̀. Yorùbá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, ó sì yẹ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884. Ní ọdún náà, ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àjàyí Crowther, ẹni tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ náà, ni wọ́n ti kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, nígbà tó wà lọ́mọdé. A kò sọ pé àwọn olùtúmọ̀ ní ogun tiwọn lọ́kàn nígbà tí wọ́n dé Ọbadáyà. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ kò nílò àlàyé lórí ẹni tó dúró ní oríta de ìsáǹsá. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí a jọ ń jẹun

Ta ni yóò wá sọ Édómù kalẹ̀? Ẹsẹ 7 dáhùn: àwọn tó bá a mulẹ̀, àwọn tó wà ní àlàáfíà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, àwọn gan-an ni yóò lé e dé ààlà, tí wọn yóò sì dẹkùn sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ 15 fún wa ní òfin tó wà lẹ́yìn èyí, pé ohun tí ó ṣe ni a ó ṣe fún un. Àmọ́ ẹsẹ 7 ti ṣe àfihàn rẹ̀ kí òfin náà tó dé. Ẹni tó sọ ọmọ ìyá di àjèjì yóò rí i pé ẹni tí òun bá jẹ, tí òun bá mu, kò kà á sí ẹbí.

Ìtàn kò ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Bábílónì tí Édómù yọ̀ mọ́ ní ọdún 586 náà ni ogun rẹ̀ dé bá a. Nábónídùsì, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Bábílónì, kógun lọ sí ìhà náà ní nǹkan bí ọdún 553 ṣáájú ìbí Krístì. Àwòrán ọba Bábílónì kan, tí àwọn onímọ̀ kà sí tirẹ̀, ṣì wà lára àpáta ní as-Sila, nítòsí Bósírà. Lórí àpáta náà ni Bábílónì ya àwòrán ara rẹ̀ sí.

Òkè méjì

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí ló fara mọ́ ẹ̀sùn Ọbadáyà, òtítọ́ sì béèrè pé kí a sọ ọ́. Ìwé Àwọn Ọba Kejì ròyìn ìṣubú Jerúsálẹ́mù láìdárúkọ Édómù. Jeremáyà 40 tilẹ̀ sọ pé àwọn ará Júdà kan ti sá lọ sí Mòábù, Ámónì àti Édómù, tí wọ́n sì padà wálé láti ibẹ̀ nígbà tí ara rọ̀. Ẹnìkan ní Édómù ti ní láti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìwé Diutarónómì sì pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kó má ṣe kórìíra ará Édómù, nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lo Ọbadáyà lòdì sí odindi ẹ̀yà kan gbọ́dọ̀ ka àwọn ẹsẹ wọ̀nyí mọ́ ọn.

Ìṣòro tó tóbi jù wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ 12 ní kí Édómù má yọ̀ lórí ìṣubú Júdà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ka ẹsẹ 18, tó pe ilé Ésáù ní àgékù koríko tí iná yóò jó, kí a má gbọ́ ohùn ayọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ 21, tó parí ìwé náà, sọ pé àwọn olùgbàlà yóò gun òkè Síónì láti ṣe ìdájọ́ òkè Ésáù. Òkè kan ṣubú, ẹlòmíràn wá dúró lórí òkè mìíràn. Ó hàn sí wa pé wòlíì rí ewu yìí, nítorí kò jẹ́ kí gbólóhùn náà parí sọ́dọ̀ àwọn tó gun òkè. Ó fi ìjọba náà lé Olúwa lọ́wọ́. Àwọn mìíràn lè sọ pé ìyẹn kò tó.

Àwọn ará Édómù kò run tán. Ọ̀pọ̀ wọn ṣí wá sí gúúsù Júdà, ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Ídúméà, àwọn Nàbàtíà sì gba orí àpáta wọn. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Krístì, John Hyrcanus, olórí àlùfáà tó ń ṣàkóso Jùdíà, ṣẹ́gun Ídúméà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọlà, kí wọ́n sì gba òfin àwọn Júù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ dúró. Láti inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni Hẹ́rọ́dù ti wá, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ídúméà, tó jọba lórí àwọn Júù. Òun ni ó tún tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù kọ́, ní orí òkè kan náà tí Ọbadáyà ti rí àwọn adájọ́ Ésáù.